Ìkòkò Irin Kì Í Gbàgbé

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí òkun. Júù ni, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ló sì ń ṣe. Àwọn Júù ìlú náà kò pọ̀, ó sì ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ kí òfin oúnjẹ àwọn bàbá wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkùnrin yìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan bọ́. Akàn ni o, edé ni o, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni o, ohunkóhun tí kò bá ti lè bù ú jẹ, òun á bù ú jẹ. Á jẹun tán, á nu ẹnu, á padà sídìí iṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Tírísà. Ilé tí wọ́n ti ń pa òfin náà mọ́ ni wọ́n ti tọ́ ọ, ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé ọkọ, ohun tí ọkọ ń jẹ lòun náà ń jẹ. Ìyá rẹ̀ kò bá a jà. Opó ni ìyá yìí, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwọn, ó sì ń wá kí ọmọ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ife tirẹ̀ ló ń dì sínú aṣọ wá, òun ló sì fi ń mu omi. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé." Ó lè gba ọsàn, nítorí ọsàn ní èèpo lára, ìkòkò ẹnikẹ́ni kò sì kàn án. Yàtọ̀ sí ọsàn, kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu nílé ọmọ rẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Tírísà wọ akínyẹmí ara. Obìnrin wo ni kò ní fẹ́ kí ìyá tó kọ́ òun ní ọbẹ̀ sísè tọ́ ọbẹ̀ òun wò? Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ kò ka ọ̀rọ̀ náà kún. Lójú rẹ̀, àṣejù àgbàlagbà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin náà ń tún ilẹ̀kùn ara rẹ̀ ṣe, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì jókòó nítòsí fèrèsé. Ìyá náà mú ọsàn kan, ó fi ọ̀bẹ tirẹ̀ bó o pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó bó o tán, kò jẹ ẹ́. Ó gbé e dání, ó di ojú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá èso igi. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó dúpẹ́ bí ẹni tí ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta lọ́rẹ, lẹ́yìn náà ló tó fi ọsàn sẹ́nu.

Òòlù ọwọ́ ọkùnrin náà dúró. Ó ń ronú pé láti kékeré ni òun ti ń jẹun, òun kò wo oúnjẹ lójú rí. Bí ẹni ń da pàǹtí sí kòtò ni òun ń da oúnjẹ sí ikùn. Ọsàn kan ṣoṣo sì rèé, obìnrin yìí ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, Ọlọ́run sì wà nínú yàrá náà, èyí dá ọkùnrin náà lójú gan-an. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ẹ̀rù tí ènìyàn ń sá fún.

Nígbà tí ìyá náà lọ tán, ó pe ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Tírísà, jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀."

"Kí á bẹ̀rẹ̀ kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn. Bí ìyá rẹ ṣe ń ṣe é."

Tírísà kọjú sí ògiri. Ọkọ rẹ̀ rò pé inú ló ń bí i, àfi ìgbà tó rí i pé èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹkún ayọ̀ ni. Obìnrin náà ti ń gba àdúrà ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò kàn jẹ́ kó jáde lẹ́nu ni.

Wọ́n ránṣẹ́ pe rábì, ìyẹn ni olùkọ́ òfin láàárín àwọn Júù. Àgbà ọkùnrin ni, kò tilẹ̀ béèrè àga. Ilé ìdáná ló gbà lọ tààrà. Ó ṣàlàyé fún wọn pé oúnjẹ tó bá òfin mu ni wọ́n ń pè ní kóṣà, àti pé ọkàn rere nìkan kò tó, ọwọ́ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ẹran kan wà tí a ń jẹ, òmíràn wà tí a kì í jẹ. Iyọ̀ la fi ń fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ẹran kí a tó sè é. Ẹja tí kò bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́, kí wọ́n dá a padà sínú òkun. Ẹran àti wàrà kì í pàdé, nínú ìkòkò ni o, lórí tábìlì ni o, nítorí ènìyàn kò gbọdọ̀ se ọmọ ẹran nínú wàrà ìyá tó bí i.

Ó wá kan àwọn ohun èlò. Rábì ní kí wọ́n kó gbogbo ohun amọ̀ jáde. Ó ní amọ̀ kò ní àtúnṣe, ohun tó bá ti mu, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Tírísà gbé ìkòkò amọ̀ rẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé, ó fọ́ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni rábì gbé ìkòkò irin ńlá kan, èyí tí ìyá ọkọ fún wọn.

Ó béèrè pé, "Kí lẹ ti sè nínú èyí rí?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, kí ni a kò tíì sè níbẹ̀?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Bàbá, a máa ń fọ̀ ọ́ o. A tún fi iyanrìn ha á."

Rábì ní, "Ara rẹ̀ lẹ ń fọ̀. Irin ń mu. Bí iná bá ti mú un, á fa ohun tó wà nínú rẹ̀ mu, bó bá sì tutù, á pa á mọ́ sínú. Ọpẹ́ ni pé irin kò dà bí amọ̀, ó ní àtúnṣe. Bí ó bá ṣe gbà á wọlé náà ni yóò ṣe tú u jáde. Èyí tó gbà á nínú omi híhó, omi híhó ni yóò tú u. Èyí tí iná kàn gan-an, bí irin tí ẹ fi ń yan ẹran, inú iná ni yóò padà sí títí yóò fi pọ́n. Omi tútù kò lè kó ohun tí iná kó wọlé jáde."

Wọ́n jẹ́ kí ìkòkò náà sinmi di ọjọ́ kejì. Wọ́n pọn omi kún un dé etí, wọ́n koná mọ́ ọn títí ó fi ń hó. Ọkùnrin náà rò pé ó ti parí. Rábì kò gbà. Òkúta kan ti wà nínú ẹ̀yinná láti àárọ̀, ó ti pọ́n bí ojú oòrùn tó ń wọ̀. Rábì fi ẹ̀mú gbé e, ó sọ ọ́ sínú omi tó ń hó.

Omi náà bú. Ó ru sókè, ó sì ya gba orí etí ìkòkò lọ ní ìhà gbogbo, ó ń ṣàn bọ́ sínú iná, iná ń ké, ooru sì bo gbogbo ilé ìdáná tó bẹ́ẹ̀ tí tọkọtaya náà kò rí ara wọn mọ́. Láti inú ooru náà ni wọ́n ti gbọ́ ohùn rábì. Ó ní, "Etí ìkòkò náà wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sè é. Ibi tí ọbẹ̀ bá ta sí, omi gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀."

Nígbà tí ooru ṣí, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìkòkò. Ó rí òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó léfòó lórí omi. Ìkòkò tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n ti ha, tí ó mọ́ lójú! Ó bo ẹnu rẹ̀. Gbogbo oúnjẹ tí òun ti gbàgbé, irin yìí kò gbàgbé ọ̀kan. Háà, ayé yìí jìn ju bí òun ṣe rò lọ! Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rín jẹ akàn dúró nínú ilé ìdáná ara rẹ̀ bí ẹni tó dúró nínú tẹ́ńpìlì.

Láti ọjọ́ náà lọ, ilé wọn yí padà. Ó kan kọ́bọ́ọ̀dù méjì, ọ̀kan fún ohun èlò ẹran, ọ̀kan fún ti wàrà. Kò kúkú rọrùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó ki ṣíbí ẹran bọ inú wàrà gbígbóná, ó sì pariwo "Yéè!" tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi sáré wọlé, ó rò pé ó ti jóná.

"Kí ló ṣe ẹ́?"

"Ṣíbí ni."

"Ṣíbí ṣe kí ni?"

Ọkùnrin náà kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Tírísà kò lè ràn án lọ́wọ́, ẹ̀rín ti mú un dání. Ní ìsọ̀ iṣẹ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n ní ẹni tó ń jẹ akàn tòun ti ìkarahun ló wá ń béèrè ìpẹ́ lọ́wọ́ ẹja. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀. Bó bá jẹ ẹran, á dúró fún wákàtí púpọ̀ kó tó fi wàrà kan ẹnu, nínú ìdúró náà ni ó sì máa ń rántí pé ohun kan tó ní ẹ̀mí ló kú kí òun tó yó. Kí ó tó bu òkèlè, á dá ọwọ́ dúró, á dúpẹ́. Lójoojúmọ́ ni ẹ̀rù rere ọjọ́ ọsàn yẹn ń padà wá bá a.

Ó wá ní, "Tírísà, ó tó àsìkò. Pe ìyá rẹ wá jẹun."

Tírísà se ọbẹ̀ adìyẹ nínú ìkòkò irin náà. Ọ̀dọ̀ alápatà tí ìyá rẹ̀ ti ń ra ẹran ló ti ra adìyẹ. Ìyá náà dé, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù méjèèjì, ó fọwọ́ kan wọn, ó súre fún wọn gidigidi. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó tú ife rẹ̀ nínú aṣọ, ó bu omi sí i, ó ní, "Mo ti jẹun kí n tó kúrò nílé."

Tírísà wọ ilé ìdáná, kò sì tètè jáde.

Ọkọ rẹ̀ rò pé àbùkù wà lára ìkòkò. Ó tún un hó, ó tún sọ òkúta síbẹ̀, omi tún bo etí. Wọ́n tún pe ìyá náà. Kò jẹun. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọkùnrin náà kò sì mọ ohun náà.

Ó ru ìkòkò náà lọ bá rábì, inú ń bí i. "Bàbá, kí ló kù? Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò." Rábì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Kò sí nǹkan tó ṣe ìkòkò. Bí ìyàwó rẹ bá se ọbẹ̀ níbẹ̀ lónìí, màá jẹ ẹ́."

Ọkùnrin náà gbé ìkòkò rẹ̀, ó gba etí ọjà ẹja padà sílé. Bó ti ń lọ, ó rí ìyá ìyàwó rẹ̀ lókèèrè, tó ń yan ẹja. Bí ìyá náà ti kúrò nídìí àtẹ, obìnrin ẹlẹ́ja sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Má-jẹ-tiwa ti ra tiẹ̀ lọ." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà dúró. "Ta lẹ pè bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá àgbà yẹn ni. Gbogbo ìlú ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Ta ló fún un lórúkọ burúkú yẹn?"

Ẹlẹ́ja náà wò ó tìyanutìyanu. "Ìwọ kọ́ ni? Ṣebí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ ni."

Ìgbà yẹn ló tó rántí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ìyá náà di búrẹ́dì tirẹ̀ sínú aṣọ wá, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ àsè. Ọtí wà lójú ọkọ ìyàwó. Ó dìde láàárín gbogbo èrò, ó gbé ife sókè, ó ní, "Ẹ wá wo àna mi, Ìyá Má-jẹ-tiwa! Ó rò pé májèlé ni ìyá mi sè fún wa!" Gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà ká aṣọ bo búrẹ́dì rẹ̀, ó sì tẹ orí ba.

Ọkùnrin náà wo ìkòkò ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu òun fún ìṣẹ́jú kan, ìlú ti fà á mu. Ó ti wà nínú ọjà, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ìyá náà sì ń rìn nínú rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọdún yìí wá. Ojú tì í, ó sì bà á lẹ́rù bí ohun tó rí lórí omi ìkòkò náà ṣe bà á lẹ́rù.

Ẹ̀dá ènìyàn! Ẹ wo ohun tó ṣe. Ó gbẹ́ àga dáradára kan, ó gbé e lọ sílé ìyá náà nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn." Ìyá náà dá a lóhùn pé, "Mo ti gbọ́, ọkọ ọmọ mi. Ọlọ́run á bùkún ọ." Ó gba àga. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó wá sílé wọn, ó sì ti jẹun kó tó kúrò nílé.

Ọkùnrin náà tún lọ bá rábì. Ó ní, "Bàbá, mo ti bẹ̀ ẹ́, mo tún kan àga fún un."

"Níbo lo ti bẹ̀ ẹ́?"

"Nínú yàrá rẹ̀. Àwa méjì péré ni."

"Níbo lo ti bú u?"

"Ní gbọ̀ngàn àsè ni."

Rábì ní, "Má rò pé ó di ọ́ sínú. Ó ti dárí jì ọ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹun nílé rẹ lónìí, ìlú á ní Má-jẹ-tiwa ti wá jẹ tiwọn, ẹ̀rín á tún sọ. Ìwọ lo fi iná sí i níwájú gbogbo ènìyàn, o wá ń bu omi tútù sí i ní kọ̀rọ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbéyàwó. Gbọ̀ngàn kan náà ni, èrò kan náà ni. Ìyá tó bí i wà níbẹ̀, ìyá ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sí igun àwọn obìnrin. Nígbà tí wọ́n gbé ọtí yí ká, ọkùnrin náà dìde. Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín kó tó lanu, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n sí aláwàdà.

Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ní ọjọ́ ìgbéyàwó tèmi, mo dìde níbí, mo sì bú ìyá ìyàwó mi lójú gbogbo yín. Ẹ rántí, nítorí ẹ rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni mo pa. Obìnrin yìí kò kẹ́gàn oúnjẹ ìyá mi. Ọlọ́run ló ń bẹ̀rù, èmi sì ni aṣiwèrè tí kò mọ Ọlọ́run. Orúkọ tí ẹ ń pè é, èmi ni mo sọ ọ́. Mo gba orúkọ náà padà lónìí. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀, èmi ni kí ẹ máa pè. Ìyá, mo bẹ̀ yín níwájú àwọn tí mo ti bú yín."

Ojú rẹ̀ gbóná bí iná. Òógùn ń ṣàn wọ kọ́là aṣọ rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì kú mọ́ ọn lẹ́nu. Obìnrin ẹlẹ́ja wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Ìyá tó bí ọkùnrin náà lọ jókòó ti àna rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìyá àgbà náà gbé orí sókè, ó sì wo gbogbo èrò náà lójú, wọn kò sì lè wo ojú rẹ̀ pẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, tọkọtaya náà ń múra àtijẹun. Ìyá náà wọlé, kì í sì í ṣe ọjọ́ tó máa ń wá. Ó jókòó sídìí tábìlì. Ó ní, "Tírísà, kí lẹ sè?"

Kò béèrè bẹ́ẹ̀ nílé yẹn rí. Tírísà bu ọbẹ̀ síwájú rẹ̀. Ìyá náà fọ ọwọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, ó sì tọ́ ọbẹ̀ náà wò. Ìyá náà gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ronú díẹ̀.

Ó ní, "Iyọ̀ rẹ̀ dín."

Tírísà bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó sáré lọ gbé iyọ̀. Ọkọ rẹ̀ bo ojú, nítorí ó mọ̀ pé Ọlọ́run ti wá jókòó sídìí tábìlì òun.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí o wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ, mo gbọ́ gbogbo àlàyé rẹ. O ní o ti kó iṣu ránṣẹ́ sí i, o tún ní kí ìyàwó rẹ lọ kí i. Iṣu dára, kíkí náà dára. Ṣùgbọ́n níwájú àgbà àti èwe ilé yín ni o ti pè é ní olè, kò sì jí nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, bó bá dìde sọ̀rọ̀ láàárín ẹbí, àwọn ọmọdé ń wo ara wọn. Iṣu rẹ kò lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́. O ń bi mí pé kí ló dé tí kò fi tíì wá sílé rẹ. Ojú ọ̀nà wo lo ṣí sílẹ̀ fún un?

O sọ fún mi pé ẹbí yín ń pé jọ lọ́jọ́ Àìkú, àti pé o kò fẹ́ lọ. Lọ. Jẹ́ kí gbogbo wọn jókòó tán kí o tó dìde. Yóò gbóná mọ́ ọ lójú o, má sì bu omi tútù sí i.